Haul, tow, drag, draft. Herd, drive, muster: ẹ bá mi ya àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí sọ́tọ̀

Atúmọ̀_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé méjì ni mo ń túmọ̀ sí Yorùbá. Ọ̀kan jẹ́ ìlànà iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù ní Ìlú Ọba, èkejì jẹ́ ìwé pélébé lórí bí wọ́n ṣe ń sin màlúù àti àgùntàn ní Ọsirélíà, Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Ìwé atúmọ̀-èdè tó wà lọ́wọ́ mi kọ "fà" sí iwájú "haul", "tow", "drag", "draw", "tug" àti "lug", kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Fún "herd", "drive", "gather", "round up" àti "muster", "kó jọ" ló kọ. Bí mo bá tẹ̀ lé e, gbólóhùn tó yàtọ̀ síra yóò di ọ̀kan náà, awakọ̀ tó bá sì kà á lè ṣe ohun tó léwu.

Díẹ̀ nínú wọn nìyí: "The firm hauls cement to Scotland." "The van must not be towed with its drive wheels on the ground." "Check for dragging brakes." "Always do a tug test." "The dogs gather the sheep off the hill." "The station musters twice a year."

Kí ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an ni kí ẹ ṣàlàyé, torí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan ló kó mi sínú ìṣòro yìí.

Ẹlẹ́rù_Ọ̀nàJíjìn

Ẹ kú làálàá. Apá ti ẹrù ni n ó mú. Kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀, ẹ béèrè ibi tí ẹrù wà, àti ohun tó wà láàrin òun àti ilẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè méjì yìí ló ya púpọ̀ nínú wọn sọ́tọ̀.

Bí a bá sọ pé "haul" lójú títì lónìí, orí ọkọ̀ ni ẹrù wà. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní ó "hauls cement" ń kó sìmẹ́ńtì ni. Kò sí okùn níbẹ̀, kò sí ìkọ́. "Kó" tàbí "gbé" ló bá a mu: Ilé-iṣẹ́ náà ń kó sìmẹ́ńtì lọ sí Scotland. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni wọ́n sì ń lò ó fún, nígbà tí àwọn atukọ̀ ń fi ọwọ́ fa okùn. Ìdí nìyẹn tí "haul in the net" fi ṣì jẹ́ kí a fa àwọ̀n wọlé, tí "a good haul" sì jẹ́ ẹja rẹpẹtẹ tí àwọ̀n kó. "Haulage" ni iṣẹ́ ẹrù kíkó fún owó. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà, "haulier" ni wọ́n ń pè é ní Ìlú Ọba, "hauler" ní Amẹ́ríkà. "Long-haul" ti ọkọ̀ òfuurufú kò kan fífà rárá, ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn ni.

Ẹ tún ṣọ́ ìwọ̀n nínú irú ìwé yìí. "Tonne" tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba jẹ́ kílò 1,000. "Ton" ti Amẹ́ríkà jẹ́ pọ́ùn 2,000, ìyẹn bíi kílò 907. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ní ásùlù (ọ̀pá irin tó so táyà ọ̀tún àti òsì pọ̀) mẹ́fà lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 44 pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lójú títì Ìlú Ọba. Lórí àwọn òpópónà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, pọ́ùn 80,000 ni òfin dá dúró sí, bíi tọ́ọ̀nù 36. Bí ẹ bá kọ "tọ́ọ̀nù" sí méjèèjì láìsọ èyí tó jẹ́, kílò 93 ni ẹ ti ṣì kà lórí ẹyọ kan.

"Tow" yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí wọ́n ń fà ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tàbí kó léfòó lórí omi, ṣùgbọ́n agbára kò ti ara rẹ̀ wá. "Fà" bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ fi ohun tí wọ́n fi so ó kún un, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Okùn lè fa ọkọ̀ síwájú, kò lè dá a dúró. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀yìn ló ń tẹ bíréèkì, òun ló ń darí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà kò bá ṣiṣẹ́, bíréèkì á le, ìdarí á wúwo, torí ẹ́ńjìnì ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà ní títan kí ìdarí má baà tì pa. Òfin Ìlú Ọba ní kí àlàfo láàrin ọkọ̀ méjèèjì má ju mítà 4.5 lọ, bí ó bá ju mítà 1.5 lọ, kí wọ́n so aṣọ aláwọ̀ mọ́ okùn kí àwọn mìíràn lè rí i. Ọ̀pá irin sàn ju okùn lọ, torí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀yìn já lu ti iwájú.

Gbólóhùn yín nípa "drive wheels" ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Àwọn táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí ló ń tọ́ka sí. Nínú ọkọ̀ "automatic", èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún ọ́ìlì káàkiri inú jíà máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan. Bí ẹ bá fa ọkọ̀ náà tí táyà yẹn ń yí nílẹ̀ tí ẹ́ńjìnì sì kú, àwọn irin inú jíà á máa yí láìsí ọ́ìlì, wọ́n á gbóná, wọ́n á sì jóná. N ó kọ ọ́ báyìí: Ẹ má ṣe fa ọkọ̀ náà nígbà tí àwọn táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí bá wà nílẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ gbé e ní láti gbé apá yẹn sókè tàbí kí wọ́n gbé odindi ọkọ̀ sórí lọ́rì pẹlẹbẹ. Bí odindi ọkọ̀ bá ti gun orí lọ́rì, kò sí fífà mọ́, gbígbé ni, bí wọ́n tilẹ̀ ṣì ń pe lọ́rì náà ní "tow truck" ní Amẹ́ríkà.

Bí ìwé yín bá dé orí àgbérù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ ó rí "nose weight" ní Ìlú Ọba, "tongue weight" ní Amẹ́ríkà. Nǹkan kan náà ni: ìwọ̀n tí àgbérù fi ń tẹ ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ní Ìlú Ọba wọ́n sábà ń ní kí ó jẹ́ ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n àgbérù, ní Amẹ́ríkà 10 sí 15. Ẹ má fi ti ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn ju iwájú lọ, ìkọ́ á fúyẹ́, àgbérù á máa jù sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi dojú ọkọ̀ dé. Òun ni wọ́n ń pè ní "snaking". Ẹ má kọ ejò síbẹ̀.

"Drag": Yorùbá ti ní tirẹ̀ tipẹ́, "wọ́". Ara ẹrù ń ha ilẹ̀. Ṣùgbọ́n "dragging brakes" kì í ṣe wíwọ́ nǹkan kan nílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé bíréèkì kò tú tán lẹ́yìn tí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan á gbóná ju ìyókù lọ, òórùn jíjó á máa jáde, epo á tètè máa tán, bí wọ́n bá sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ táyà lè gbaná. Ẹ kọ: Ẹ wò ó bóyá bíréèkì kan kò tú dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni "drag" ti afẹ́fẹ́, ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún ọkọ̀ tó ń sáré.

"Tug" jẹ́ fífà kúkúrú tó lágbára, tí a sì dá dúró. "Tug test" ni awakọ̀ máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti so orí tírélà mọ́ ara rẹ̀: bíréèkì ara tírélà wà ní títẹ̀, awakọ̀ á ki jíà tó kéré jù, á rọra gbìyànjú láti lọ síwájú. Bí ara bá dá orí dúró gbọn-in, ó ti mú. Lẹ́yìn náà, á bọ́ sílẹ̀, á fi ojú rí i pé irin tó ń gbá ọ̀pá ìsopọ̀ mú ti pa dé, pé ìkọ́ ààbò sì wà nípò. Ẹni tó bá fi ìdánwò yìí sílẹ̀, ara tírélà lè bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní "tug" tún yàtọ̀ díẹ̀: ó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, ó sì ń tì í pẹ̀lú.

"Lug" ni kí ènìyàn máa fi ara rẹ̀ gbé tàbí wọ́ ohun tó wúwo pẹ̀lú ìnira, ibẹ̀ ni "luggage" ti wá. "Draw" pọ̀ jù fún mi láti kọ lóru yìí, ẹlòmíràn á mú un.

Olùsìn_Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun, ọ̀gá Ẹlẹ́rù. Apá ti ẹran ni tèmi.

Ọ̀rọ̀ tí ìwé atúmọ̀-èdè yín gbàgbé ni "dà", èyí tó wà nínú "darandaran". Ẹni tó ń da ẹran wà lẹ́yìn wọn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran ló ṣíwájú. "Drive" gan-an nìyẹn. Bí ènìyàn bá ṣíwájú tí ẹran ń tẹ̀ lé e, "lead" ni. Ẹ má sì kọ "lé" fún "drive". Ẹni tó bá ń lé màlúù ti ba iṣẹ́ jẹ́, torí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ojú màlúù wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó ń rí yí ara rẹ̀ ká àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gangan. Ó ní àyè kan yí ara rẹ̀ ká tí kò fẹ́ kí ènìyàn wọ̀. Bí ẹ bá tẹ etí àyè yẹn, ó rìn. Bí ẹ bá bọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Èjìká rẹ̀ ni ààlà: ẹni tó bá dúró lẹ́yìn èjìká ń sún un síwájú, ẹni tó bá dúró níwájú èjìká ń sún un sẹ́yìn. Bí ẹ bá wọ inú àyè náà jù, á sáré, tàbí kó yí padà bọ̀ lórí yín. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìhùwà ẹran ní Amẹ́ríkà, ló sọ ẹ̀kọ́ yìí di mímọ̀ káàkiri, "flight zone" ni orúkọ tí ẹ ó rí nínú ìwé.

Nípa agbo: "herd" fún màlúù, ewúrẹ́, erin, "flock" fún àgùntàn àti ẹyẹ. "Drove" ni agbo tó wà lójú ìrìn, ẹni tó ń dà wọ́n lọ ọjà ni "drover". Láyé àtijọ́, irú wọn ló ń fi ẹsẹ̀ da màlúù láti Scotland wá sí England, tí ọjà Smithfield ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń gba nínú rẹ̀. Wọ́n ń kan bàtà irin mọ́ pátákò màlúù kí ojú ọ̀nà líle má baà jẹ ẹ́. Nínú ìwé Ọsirélíà, ẹ ó rí "a mob of sheep". Agbo àgùntàn lásán ni, kì í ṣe àwọn jàǹdùkú.

"Gather" jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sin àgùntàn lórí òkè ní Ìlú Ọba, ní Cumbria, Wales àti Scotland. Òkè wọn kò ní ọgbà. Àgùntàn mọ ilẹ̀ tirẹ̀, ọmọ ń kọ́ ọ lára ìyá rẹ̀. Wọ́n ní agbo bẹ́ẹ̀ "is hefted". Nígbà tí ó bá tó àkókò láti gé irun wọn, láti fún wọn lóògùn, tàbí láti fi àgbò sí wọn, olùṣọ́ àti ajá á gòkè lọ kó wọn wálé. Nítorí náà: Àwọn ajá ń kó àgùntàn bọ̀ láti orí òkè. "Kó bọ̀" péye ju "kó jọ" lọ, torí ibì kan ni wọ́n ń mú wọn bọ̀.

Bí ìwé yín bá ṣàlàyé iṣẹ́ ajá, ẹ ó bá àwọn ọ̀rọ̀ kan pàdé tí wọn kò túmọ̀ sí bí wọ́n ṣe rí. Wọ́n ń fi wọ́n díje pàápàá. Ìdíje àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìlú Ọba wáyé ní Bala, ní Wales, lọ́dún 1873. "Outrun": ajá á sá gba ẹ̀gbẹ́, yóò yí po dé ẹ̀yìn àgùntàn láìdẹ́rù bà wọ́n. "Lift": ìṣẹ́jú àáyá tí àgùntàn kọ́kọ́ ṣí ẹsẹ̀ nítorí ajá. Kò sí gbígbé kankan níbẹ̀, bí "lift" yìí bá sì burú, agbo á tú ká, gbogbo ìyókù á bàjẹ́. "Fetch": ajá ń dà wọ́n bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ olùṣọ́. "Drive" nínú ìdíje: ó ń dà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ olùṣọ́. "Shed": yíya díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú agbo, kò kan ilé tàbí àtíbàbà. "Pen": kíkó wọn wọ ọgbà kékeré. Ní ti àṣẹ, "come-bye" ni kí ajá yí agbo po bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, "away" ni kí ó yí òdì rẹ̀. "That'll do" ni kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó padà wá. Àṣẹ ajá ni ẹ kò gbọ́dọ̀ túmọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, torí ajá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kò gbọ́ Yorùbá.

"Round up" ni ti Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlẹ́ṣin á fọ́n ká, wọ́n á yí ilẹ̀ gbalasa po, wọ́n á máa sún màlúù wá sí àárín. Láyé ìgbà tí pápá kò ní ọgbà, ti ìgbà ìrúwé jẹ́ láti fi irin gbígbóná sàmì sí ọmọ màlúù kí ó tó kúrò lẹ́yìn ìyá, torí àmì ara ìyá ló ń fi olówó ọmọ hàn. Ti ìgbà ìkórè jẹ́ láti ṣa èyí tó tó tà.

"Muster" ni ti Ọsirélíà àti New Zealand. "Station" níbẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀sìn tó fẹ̀ gan-an, kò kan ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ń fi ẹ̀lìkọ́pítà, alùpùpù àti ẹṣin ṣe é. Ní àríwá Ọsirélíà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, torí ìgbà òjò ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Àkọ́kọ́ nínú ọdún máa ń wà fún sísàmì sí ọmọ àti jíjá wọn lẹ́nu ọmú. Èkejì fún èyí tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ àti èyí tí wọ́n fẹ́ tà. N ó kọ "kó ẹran jọ fún kíkà". Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni ìkánjú: bí ẹ̀lìkọ́pítà bá fò sílẹ̀ jù, ìyá á sáré fi ọmọ sílẹ̀.

Olùkọ́_Èdè

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin méjèèjì. N kò gbà pé kí "fún kíkà" wọ inú ìtumọ̀ "muster" nígbà gbogbo. Òótọ́ ni pé gbòǹgbò rẹ̀ ní Látìn jẹ mọ́ fífi hàn, pé nínú iṣẹ́ ológun ó jẹ́ kí a to àwọn ọmọ ogun kí a sì kà wọ́n. Ṣùgbọ́n darandaran Ọsirélíà tó bá sọ pé òun ń lọ "muster", bóyá abẹ́rẹ́ ló fẹ́ gún wọn. "Kó ẹran jọ láti pápá wá sọ́gbà" tó. Bí kíkà bá wà nínú rẹ̀, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e á sọ ọ́.

Ohun mẹ́ta mìíràn. Bí ẹ bá rí "Roundup" tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá nínú ìwé àgbẹ̀, oògùn apakoríko ni, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí "round up" lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye, kí a gbé nọ́ḿbà sókè sí odindi ni. Èkejì, "trek": gbogbo wa ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí fífẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Bóà, òyìnbó àgbẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ló ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn sì ni "fà". Màlúù ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn, ìrìn ọjọ́ kan tí màlúù fi fà á ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà "trek oxen" nínú ìwé àtijọ́ jẹ́ màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹ̀kẹta, "team" nínú ìwé ẹran jẹ́ àwọn ẹran tí wọ́n so pọ̀ láti fa nǹkan kan, ẹni tó ń darí wọn sì ni "teamster". Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ akẹ́rù ńlá ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1903, ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹṣin ti kúrò níbẹ̀.

Atúmọ̀_Mọ́kọ́lá

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. N ó tẹ̀ lé ti Olùkọ́ lórí "muster". Ó ku méjì. Ìwé Amẹ́ríkà ní "the greenhorns rode drag". Mo ti kọ "wọ́" síbẹ̀, kò sì mú ọgbọ́n wá. Èkejì ni "draft": ibì kan ní "draft oxen", ibì kan ní "we drafted the cattle", ibì kan sì kọ ọ́ ní "draught". Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Ọmọ_Houston

Ẹ jẹ́ kí n mú "drag". Àyè iṣẹ́ ni nínú "cattle drive" ti Texas. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí lọ́dún 1865, màlúù kún Texas débi pé iye rẹ̀ kò ju dọ́là 4 lọ, nígbà tí ọjà ìhà àríwá lè san tó dọ́là 40. Ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé Texas dáadáa, ó ti dé Kansas. Lọ́dún 1867, Joseph McCoy kọ́ ọgbà ẹran sí Abilene ní Kansas, wọ́n sì ń da màlúù gba ọ̀nà tí a mọ̀ sí Chisholm Trail lọ síbẹ̀. Agbo kan lè tó 2,500 sí 3,000, àwọn bíi 10 sí 12 ló sì ń dà á, máìlì 10 sí 15 lóòjọ́. Bí wọ́n bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, màlúù á rù, kò ní lówó lórí mọ́.

Àyè tí ẹlẹ́ṣin kọ̀ọ̀kan wà ní orúkọ. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí agbo ni "point", àwọn ló ń tọ́ ọ sọ́nà, àwọn tó mọṣẹ́ jù sì ni. Lẹ́yìn wọn ni "swing", lẹ́yìn ìyẹn ni "flank". Iṣẹ́ wọn ni kí agbo má fẹ̀ jù, kí ẹran má yà bàrá. "Drag" ni ẹ̀yìn pátápátá. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sún arọ, aláìsàn àti ọmọ tó rẹ̀, gbogbo eruku agbo sì ń bọ̀ lójú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi aṣọ bo imú. Ẹni tuntun lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, òun ni "greenhorn". N ó kọ: Àwọn tuntun lẹ́nu iṣẹ́ ló ń da ìrù agbo. "Wrangler" yàtọ̀, òun ló ń tọ́jú àwọn ẹṣin àpààrọ̀.

Bí ìwé yín bá sọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi dópin, ó ju ẹyọ kan lọ. Eégbọn ara màlúù Texas ń gbé àrùn tó ń pa màlúù ibòmíràn, nítorí náà Kansas fi òfin dí wọn lọ́nà. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí Joseph Glidden gba àṣẹ lé lórí lọ́dún 1874 dí pápá. Ọkọ̀ ojú irin sì wọ Texas.

Kátàkátà_Ògbómọ̀ṣọ́

Ti "draft" ló kù. Inú "draw" ló ti jáde, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún fífà. "Horse-drawn" ni ohun tí ẹṣin ń fà. Àpótí tí a ń fà jáde lára tábìlì ni "drawer". "Draught" ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Ìlú Ọba nígbà tó bá jẹ́ ti ẹran tó ń fa nǹkan, Amẹ́ríkà ń kọ "draft". Ẹran kan náà ni.

Àpẹẹrẹ tó dára jù fún "draw" àti "tow" pọ̀ ni àwọn odò àgbẹ́ ("canal") ní Ìlú Ọba. Láyé àtijọ́, ẹṣin ń rìn ní etí odò, okùn gùn láti ọrùn rẹ̀ dé inú ọkọ̀ ojú omi. Ojú ọ̀nà yẹn ni "towpath". Ẹṣin kan lè fa ọkọ̀ tó kó bíi tọ́ọ̀nù 30, bí ó bá rọra ń rìn, torí omi kì í dènà ohun tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe. Bíbẹ̀rẹ̀ ló nira. Bí ẹṣin bá já okùn fà lẹ́ẹ̀kan náà, okùn á já tàbí kó ṣe èjìká rẹ̀ léṣe. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí ó fara tì í títí ọkọ̀ yóò fi ṣí.

Nínú ìwé ìtúlẹ̀, "draft" tún lè jẹ́ agbára tí wọ́n fi ń fà, tí a ń wọ̀n ní kílò. Ibẹ̀ ni àwọn atúmọ̀ máa ń ṣubú. Akọ màlúù tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, tó bá wúwo tó kílò 400, lè fi bíi kílò 40 sí 48 fà fún wákàtí mélòó kan, ìyẹn ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹrù kílò 48 ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹrù orí kẹ̀kẹ́ tó ní táyà rere lójú ọ̀nà títẹ́jú lè tó ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kẹ̀kẹ́ ló gbé ìwúwo, màlúù kàn ń borí ìdènà ni. Bí ìwé bá ní "a draft of 80 kg", ẹ kọ "agbára ìfà tó tó kílò 80", kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹrù ni. "Horsepower" náà jẹ́ bẹ́ẹ̀: James Watt ló ṣírò rẹ̀ sí agbára tó ń gbé pọ́ùn 33,000 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàrin ìṣẹ́jú kan, bíi wáàtì 746.

"Line of draft" ni ìlà tó ti ibi tí ohun èlò ìtúlẹ̀ ti mú ilẹ̀ lọ títí dé àjàgà lọ́rùn màlúù. Ṣéènì ló ń pinnu rẹ̀. Bí ṣéènì bá kúrú jù, ńṣe ló ń gbé ohun èlò náà sókè, kò ní wọlẹ̀. Bí ó bá gùn jù, á wọlẹ̀ jù, ẹran á sì tètè rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí ẹ dín ojú ṣéènì kan tàbí méjì kù tàbí kí ẹ fi kún un. Bí àjàgà bá ń bó ọrùn ẹran, igi náà kò dán tó tàbí kò bá ọrùn mu. Kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró títí egbò yóò fi jinná.

Ilẹ̀ igbó tiwa kò lo ẹran báyìí láyé àtijọ́ torí eṣinṣin tsetse tó ń gbé àrùn tó ń pa ẹṣin àti màlúù. Orí ni a fi ń ru ẹrù. Ẹ má wulẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ Yorùbá àtijọ́ fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan nínú ohun èlò ẹran afàlẹ̀. "Àjàgà", "okùn", "ṣéènì" àti àlàyé díẹ̀ ti tó.

"We drafted the cattle" kò kan fífà rárá. Nínú ìwé Ọsirélíà àti New Zealand, "draft" ni kí a ṣa ẹran sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn "muster". Ẹran á máa gba ọ̀nà tóóró kan tí ẹyọ kan ṣoṣo ń rìn nínú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní "race". Níparí rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí ènìyàn kan ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún: èyí tí a fẹ́ tà gba ọ̀tún, èyí tó lóyún gba òsì, ọmọ gba àárín. Bí ẹran bá ń ti ara wọn lẹ́yìn jù, oníṣẹ́ kò ní ráyè yí ilẹ̀kùn, wọn á sì tún un ṣà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "draft", ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀. Bí "yard", "gate" tàbí "race" bá wà níbẹ̀, "ṣà sọ́tọ̀" ni. Bí "yoke", "plough" tàbí "cart" bá wà níbẹ̀, "afàlẹ̀" tàbí "afakẹ̀kẹ́" ni.